Ìgbàgbé Obìnrin Tí Nǹkan Oṣù Rẹ̀ Ń Dá: Ẹ̀bi Ta Ni?

Ọ̀ràn kan wà tí àwọn obìnrin ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ara wọn, tí àwọn ọkùnrin kì í sì í fẹ́ gbọ́ rárá. Èyíinì ni ọ̀ràn obìnrin tí ó ti pé ọdún 45 tàbí 50, tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí a sì ti fi ohun púpọ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìrántí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí já a kulẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó sì ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri. Ó dìde láti pe ẹni tí ó ti mọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, orúkọ ẹni náà fò ó. Ó ka owó lẹ́ẹ̀mẹta, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó rí. Àwọn mìíràn ní bí ìgbà tí ọyẹ́ bá bo orí òkè ni ó ń rí fún àwọn: òkè kò ṣí kúrò, ṣùgbọ́n ojú kò tó o. Ìbéèrè tí ó yẹ kí àwa àti ẹ̀yin òǹkàwé wa jùmọ̀ gbé yẹ̀wò ni èyí: bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá gbàgbé ohun tí kò yẹ kí ó gbàgbé, ẹ̀bi ha ni bí? Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀bi, ti ta ni?

Kí a tó dá ẹjọ́, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Bí obìnrin ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ẹyin inú rẹ̀ a máa tán lọ, ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní estrogen, tí ilé-ẹyin ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, a sì máa dínkù. Kì í dínkù ní ìtẹ̀léra bí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. A gòkè lónìí, a já wálẹ̀ lọ́la, a tún gòkè. Nǹkan oṣù a wá di ségesège: a pọ̀ jù ní oṣù kan, a kọ̀ láti wá ní oṣù méjì. Nígbà tí oṣù 12 bá kọjá láìdá sí méjì tí obìnrin kò rí nǹkan rẹ̀, nígbà náà ni àwọn oníṣègùn tó máa ń sọ pé ó ti dá. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, àárín ọdún 45 sí 55 ni èyí ń bọ́ sí, ṣùgbọ́n ìdàrúdàpọ̀ tí ń ṣáájú rẹ̀ lè gba ọdún mélòó kan. Kì í ṣe àrùn. Ìwé Gẹ́nẹ́sísì kò tijú láti mẹ́nu bà á nínú ìtàn Sárà. Àwa tí ń kà á ni a ń tijú.

Ohun tí a kò tètè mọ̀ ni pé iṣẹ́ estrogen kò mọ sí ibi ọmọ bíbí. Ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ọpọlọ, ní ibi tí a ń kó ìrántí pamọ́ sí, àti ní ibi tí ń wọn ooru ara. Nígbà tí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀, ibi tí ń wọn ooru a ṣi ìwọ̀n. A rò pé ara ti gbóná jù, a sì pàṣẹ kí òógùn tú jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ni ó wà níta. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru, oorun ti parí nìyẹn. Ẹni tí kò bá sì sùn dáradára fún oṣù mẹ́fà, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, a kò lè retí pé kí iyè rẹ̀ pé. Báyìí ni ìgbàgbé ṣe ń gba ọ̀nà méjì wọlé, láti inú ọpọlọ fúnra rẹ̀ àti láti inú àìsùn. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Kì í ṣe ìtàn lásán ni mo ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1996, àwọn oníwàádìí ti ń tẹ̀lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin láti ọdún dé ọdún nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SWAN. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, wọ́n rí i pé ní àkókò ìdàrúdàpọ̀ yìí, àwọn obìnrin kì í kọ́ ohun titun kánkán tó bí wọ́n ti ń ṣe rí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá tán pátápátá, agbára náà a máa padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ti fi òru rò ó pé orí òun ń dàrú lọ láìní àtúnṣe. Ní 2015, àwọn oníwàádìí kan náà sọ pé láàárín àwọn tí ooru náà ń yọ lẹ́nu lemọ́lemọ́, ìdajì ni ó bá a yí fún ohun tí ó lé ní ọdún 7. Ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ó sì pẹ́ jù, ó lé ní ọdún 10. Ní Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2009, tí a ṣe láàárín obìnrin tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ, fi hàn pé ìrora oríkèé àti ẹran ara ni ó wọ́pọ̀ jù, tí àárẹ̀ ara àti ti ọkàn tẹ̀lé e, kí a tó dé orí ooru. Nítorí náà, obìnrin wa tí ó bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, pé ó sì rẹ òun lọ́kàn, lè má mọ̀ pé ọ̀ràn kan náà ni ó ń sọ pẹ̀lú ẹni tí ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ lóru.

Nígbà tí a kò bá mọ ìdí nǹkan, a máa ń wá ìdí mìíràn fún un. Àwọn kan nínú wa gbà pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ń jọ sínú ikùn ni, pé òun ni ó ń wú u. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ náà kò sí níbẹ̀ láti jọ. Èyí tí ó burú jù ni ti ìyá tí ooru lé dìde lóru, tí ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti gba atẹ́gùn, tí inú sì tètè ń bí lójú ọ̀sán nítorí àìsùn. Aládùúgbò rí i ní aago méjì òru. Kí ni a ó sọ ọ́ sí? Gbogbo wa ni a mọ orúkọ tí a ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìwà ìkà gbáà ni, nítorí ohun tí gbogbo obìnrin tí ó bá dàgbà yóò là kọjá ni a sọ di ẹ̀sùn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa, kí a sì gbé ẹjọ́ kan kalẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ nítòótọ́. Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ní Scotland dá ẹjọ́ obìnrin kan tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù fún 20 ọdún. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń dàrú. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi dínkù nínú ara rẹ̀, ìrántí rẹ̀ sì ń já a kulẹ̀. Ó ní oògùn kan tí ó máa ń pò mọ́ omi mu. Ní ọjọ́ kan, ó wọ yàrá ìgbẹ́jọ́, ó rí i pé omi kò sí nínú ohun èlò orí tábìlì rẹ̀ mọ́, àti pé àwọn ọkùnrin méjì kan ń mu omi. Kò lè rántí bí òun ti po oògùn náà sínú omi yẹn tàbí òun kò tí ì pò ó. Lójú ẹsẹ̀ ó kìlọ̀ fún wọn pé ó ṣeéṣe kí oògùn òun wà nínú ohun tí wọ́n ń mu. Nígbà tí a wádìí, kò sí oògùn kankan nínú omi náà. Kí ni àwọn agbanisíṣẹ́ ṣe? Wọ́n ní ó ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, pé ó yẹ kí ó ti mọ̀ pé kò sí oògùn níbẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbìmọ̀ náà sọ pé lílé náà kò tọ́, pé wọ́n fi ìyà àìlera ara jẹ ẹ́. Wọ́n pàṣẹ kí a gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí a sì san nǹkan bí £19,000 fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó náà ni ó jẹ mí lógún. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: bí ó bá dákẹ́, kì bá tí sí ẹjọ́. Omi lásán ni àwọn ọkùnrin náà mu; wọn ì bá gbọnwọ́ lọ sílé. Nítorí tí ó fi ire àwọn ẹlòmíràn ṣáájú orúkọ ara rẹ̀, tí ó sì sọ òtítọ́ pé òun kò rántí, ni a ṣe pè é ní oníjìbìtì.

Mo rí i nínú ẹjọ́ yìí pé a máa ń da ohun méjì pọ̀ tí kò yẹ kí a dà pọ̀, èyíinì ni àìrántí àti àìbìkítà. Ẹni tí kò bìkítà lè rántí ohun gbogbo, kí ó sì fi sílẹ̀. Ẹni tí kò rántí lè bìkítà títí tí oorun kò fi ní kun ún. Ìgbàgbé fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìwà, nítorí kò sí ẹni tí ó yàn án. Ohun tí a lè pè ní ìwà ni ohun tí ènìyàn ṣe ṣáájú rẹ̀, bí ó bá ti mọ̀ pé ó lè dé, àti ohun tí ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ó bá hàn sí i. Obìnrin Scotland náà yege ní ti èkejì.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé: “Ọ̀rọ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n aláìsàn tí a fún ní oògùn lẹ́ẹ̀mejì kò ní í bèèrè ọjọ́ orí nọ́ọ̀sì kí ara rẹ̀ tó dàrú.” Òtítọ́ ni, èmi kò sì fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin wa ni ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, nílé níhìn-ín àti ní àwọn ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba, ẹ̀mí ènìyàn ni ó sì wà lọ́wọ́ wọn. Àánú fún òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ di ewu fún aláìsàn. Nítorí náà obìnrin tí ó bá ti mọ̀ pé ìrántí òun kò pé mọ́ ní ojúṣe kan: kí ó ṣe ọgbà yí iṣẹ́ rẹ̀ ká. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní wéréwéré tí ó bá ti ṣe é, kí ó má sọ pé òun yóò kọ ọ́ tí òun bá jókòó. Kí ó pe ẹnìkejì wá kí wọ́n jọ ka iye oògùn náà. Kí ó fi iṣẹ́ tí ó gba ọgbọ́n jù sí àárọ̀ tàbí sí wákàtí tí ó bá mọ̀ pé orí òun máa ń dá. Kí kọ́kọ́rọ́ ní ibi kan ṣoṣo, kí ó má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí i kúrò níbẹ̀.

Dandan ha ni kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ bí? Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní rárá, ọ̀ràn ikọ̀kọ̀ ni. Lójú tèmi, òun kò jẹ ọ́fíìsì ní gbèsè ìròyìn nípa ikùn rẹ̀. Ó jẹ aláìsàn tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí oníbàárà ní gbèsè ìṣọ́ra. Ó lè sọ pé, “Ìrántí mi kò pé tó ní àkókò yìí, ẹ jẹ́ kí a máa ka owó yìí ní ẹni méjì,” láìsọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ibí yìí ni ojúṣe ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀. Bí gbólóhùn kékeré yẹn bá mú kí ó fi orúkọ obìnrin náà sílẹ̀ nígbà tí ìgbéga bá dé, gbogbo obìnrin tí ó kù nínú ilé iṣẹ́ náà yóò rí i, wọn yóò sì kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà lọ, àṣìṣe yóò máa wà nínú ilé náà, ṣùgbọ́n a kì yóò máa gbọ́ ọ. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni mo di ẹ̀bi rù, ju ẹni tí ó gbàgbé lọ.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kò tó nǹkan: fáànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, omi tútù, aṣọ iṣẹ́ tí ó fẹ́lẹ́ dípò èyí tí ó nípọn, ààyè láti jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìgbẹ́ tí ó súnmọ́ tòsí fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ilé iṣẹ́ tí ó lè ra àga aláwọ fún ọ̀gá kò lè ra fáànù.

Àwọn àgbà kan a máa wí pé àwọn ìyá wa là á kọjá láì fọhùn. Ta ni ó sọ fún wọn pé ó rọrùn fún wọn? Ìyá tí ń ta aṣọ lè sinmi lábẹ́ ibòji nígbà tí ooru bá dé, ọmọ rẹ̀ a sì bá a ka owó. Kò sí ẹni tí ń retí rẹ̀ ní aago méjìlá òru ní wọ́ọ̀dù.

Ní ti ìtọ́jú, ìbẹ̀rù ti ṣe wá ní ibi púpọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Women's Health Initiative, dá apá kan iṣẹ́ rẹ̀ dúró lójijì, nítorí pé àwọn obìnrin tí ń lo estrogen pẹ̀lú progestin ní jẹjẹrẹ ọmú, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ju àwọn tí kò lò ó lọ díẹ̀. Kárí ayé ni àwọn obìnrin da oògùn wọn nù. Ohun tí a kò pariwo rẹ̀ tó ni pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn obìnrin náà tó ọdún 63, wọ́n ti kọjá àkókò tí a ń sọ yìí. Nígbà tí a tún un yẹ̀wò, àwọn oníṣègùn wá gbà pé fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí kò tí ì pé 60, tàbí tí nǹkan oṣù wọn kò tí ì dá ju ọdún 10 lọ, tí ooru sì ń yọ lẹ́nu, àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn: ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí, tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un. A kì í sì í fún ènìyàn nítorí ìgbàgbé nìkan; ṣùgbọ́n bí ó bá dá oorun padà, ìrántí a máa tẹ̀lé oorun wálé. Láti 2023 ni a ti fọwọ́ sí oògùn mìíràn ní Amẹ́ríkà, fezolinetant, tí kò ní estrogen nínú, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí ọpọlọ ti ń wọn ooru; wọ́n ní kí a máa yẹ ẹ̀dọ̀ ẹni tí ń lò ó wò.

Kí a má sì sọ gbogbo ìgbàgbé di ti nǹkan oṣù. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fa á, ìbànújẹ́ ọkàn lè fa á, bẹ́ẹ̀ náà ni àìṣiṣẹ́ dáradára ẹ̀yà ọ̀fun tí gẹ̀gẹ̀ ń yọ lára rẹ̀, àti oògùn oorun tí a ń rà láìsí ìwé oníṣègùn. Ẹni tí ó gbàgbé ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí lè fi ọkàn balẹ̀. Ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tí a ń fi í ṣe ni kí a tètè mú lọ sí ilé ìwòsàn.

Òfin ńkọ́? Ní Ìlú Ọba, ìgbìmọ̀ kan nínú Ilé Aṣòfin gbà wọ́n nímọ̀ràn ní oṣù Keje 2022 pé kí ìjọba dán ìsinmi pàtàkì wò fún àwọn obìnrin tí ọ̀ràn yìí ń yọ lẹ́nu. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2023 ìjọba kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kejì 2024, àjọ tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn níbẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn agbanisíṣẹ́ pé bí ìyọlẹ́nu náà bá le tí ó sì pẹ́, òfin ọdún 2010 lè kà á sí àìlera tí a kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ níyà. Ní Nàìjíríà, òfin iṣẹ́ wa mọ ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó fún un ní ọ̀sẹ̀ 12. Kò mẹ́nu ba ìyá rẹ̀ àgbà tí òun náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni ọdún 60, tàbí ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 35, ni ó ń fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Fún àwọn olùkọ́, òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di 65 tàbí ọdún 40. Obìnrin tí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ọmọ ọdún 25, nígbà tí ó bá pé 50, ọdún 15 ni ó ṣì kù fún un, àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni a sì ń fi ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Èmi kò dá mi lójú pé ìsinmi àkànṣe ni ó dára jù. Mo ń bẹ̀rù pé àwọn kan yóò torí rẹ̀ sọ pé àwọn kò gba obìnrin tí ó lé ní 45 síṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ó sọ pé a kò gbọdọ̀ lé ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àìrántí kí ohun kankan tó bàjẹ́, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ó ku àwọn obìnrin ọjà, tí kò ní ọ̀gá tí òfin lè bá wí. Ìyá kan ta ọjà ní àwìn ní ọjọ́ tí oorun kò kun ún; ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, kò rántí ẹni tí ó tà á fún mọ́. Oníbàárà náà rántí. Ó kọjá ní iwájú ìsọ̀, ó kí i, ó rí i pé ìyá náà kò sọ nǹkan kan nípa owó, ó sì lọ ní tirẹ̀. Níhìn-ín, èmi kò rí ibi tí ìyàtọ̀ wà láàárín onítọ̀hún àti ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Bí ọmọ bá wà nílé tí ó mọ̀wé, kí ó ra ìwé kékeré kan, kí ó máa bi ìyá rẹ̀ ní alaalẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú jù, ta ni ó ra kí ni, èló ni ó kù, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀.